Igbe Àgùntàn Níbi Ìkórè Àwọn Ọmọdé

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orí jì mí bí ọ̀rọ̀ mi kò bá tò dáadáa. Èmi kì í ṣe akọ̀wé. Ìwé kẹrin ni mo kà dé kí wọ́n tó ní kí n jókòó sílé. Láti ìgbà náà, lẹ́tà kúkúrú sí àwọn ará ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni ohun tó gùn jù tí mo kọ rí. Ojú sì máa ń tì mí. Bí ènìyàn mẹ́ta bá pé síbì kan, ahọ́n mi á wúwo, mo sì lè jókòó títí ìpàdé á fi tú kí n má sọ ju "ẹ káàsán" lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi, ó sì ń ta mí bí ata tó há sí ọ̀nà ọ̀fun. Inú bí mi nígbà tó ṣẹlẹ̀. Inú ṣì ń bí mi títí di òní. N kò ní torí pé ìwé ni mò ń kọ kí n wá parọ́ fún yín pé mo ti gbàgbé.

Ẹ̀yin tí a jọ ṣe kékeré ní Jọ́ọ̀sì, pàápàá ní ìhà Ali Kazaure níbi tí àwa ń gbé, ẹ ó rántí bí òtútù ọyẹ́ ṣe máa ń fi ojú wa rí màbo. Ní àárọ̀, ètè wa á ti là, ẹsẹ̀ wa á funfun bí ti ẹni tó rìn nínú eérú, omi inú ike á sì tutù débi pé bí o bá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ńṣe ló máa dà bí ẹni pé nǹkan já ọ jẹ. Omi yẹn náà la fi ń fọ abọ́. Èmi ni mò ń pọn ọ́n láti ẹnu ẹ̀rọ tó wà ní òpin àdúgbò, èmi ni mò ń gbá àgbàlá, èmi ni mò ń bó ẹ̀wà tí a ó fi din kòsé. Kòsé ni a ń pe àkàrà, nítorí Haúsá yá lẹ́nu àwa ọmọ tí wọ́n bí sí Jọ́ọ̀sì ju Yorùbá lọ, àwọn àgbà á sì máa bú wa pé a ti sọ èdè baba wa nù sórí òkè. Bí òróró bá ti gbóná, tí òórùn àlùbọ́sà gba gbogbo ojúlé kan, inú mi á dùn díẹ̀, torí pé ìdí iná nìkan ló móoru nínú ilé náà. A ó fi kòsé méjì méjì mu kùnú, ẹ̀kọ mímu àwọn Haúsá, gbígbóná tí atalẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, mo ti gbé àwo rù nìyẹn, mo ti ń kiri.

Ilé ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni mò ń sọ. Ó ń ta abọ́ tánńganran lọ́jà, òun ló sì ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ní ìjọ àwa Yorùbá. Nítorí ìyẹn, Màmá Tíṣà ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló bí, Adé, tó fi ọdún méjì jù mí lọ. Bàbá tèmi ń wa ọkọ̀ ẹrù, ó ń kó pòtétò àti tòmátì lọ sí Ìbàdàn, a sì lè má fi ojú kàn án títí oṣù á fi parí. Nígbà tí ìyá mi kú, kò sí ibòmíràn tó lè mú mi lọ ju ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Aránṣọ ni ìyá mi. Ohun kan ṣoṣo tó ní láyé ni ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, máṣíìnì dúdú kan báyìí tí wọ́n ya òdòdó pupa sí lára, tó dúró lórí ẹsẹ̀ irin. Abẹ́ rẹ̀ ni mo ti ń ṣeré nígbà tí mò ń rákò. Ìró ẹsẹ̀ ìyá mi lórí pẹ́dàlì ló máa ń gbé mi sùn lọ́sàn-án. Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, ó ránṣẹ́ pe Màmá Tíṣà wá sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo wà níbẹ̀, mo di etí aṣọ rẹ̀ mú. Ó ní, "Màmá, máṣíìnì mi, ti Àbẹ̀ní ọmọ mi ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á, ẹ má fi í fún ẹnikẹ́ni. Bó bá dàgbà, kó máa fi jẹun." Màmá Tíṣà fi ọwọ́ lé e láyà, ó ní, "Fi ọkàn balẹ̀, ìyàwó mi. Ọlọ́run ń gbọ́." Ọlọ́run gbọ́ lóòótọ́. Èmi náà gbọ́.

Wọ́n gbé máṣíìnì náà lọ sí yàrá Màmá Tíṣà, wọ́n da aṣọ bò ó, wọ́n gbé rédíò lé e lórí. Ní ọjọ́ Sátidé, èmi ni mo máa ń nù ún. Màá sọ rédíò kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, màá ká aṣọ náà, màá fi òróró díẹ̀ nu òdòdó pupa wọ̀nyẹn títí wọ́n á fi dán. Màá gbé imú sún mọ́ ọn. Òórùn epo ẹ̀rọ àti òwú ni, òórùn ìyá mi sì ni. Ẹ̀yin tí ìyá yín ṣì wà láyé, ẹ lè má mọ ohun tí mò ń sọ.

Nígbà tí mo ka ìwé kẹrin tán, Màmá Tíṣà ní ẹni tí yóò máa ti òun lẹ́yìn lọ́jà kò sí, pé ìwé náà tó. Adé ní tirẹ̀ ń lọ síwájú. Mo dúró níwájú rẹ̀, omi ń bọ̀ lójú mi, ó wá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Kí lò ń sunkún sí? Ṣebí ìwọ ní máṣíìnì. Ta ló ní iṣẹ́ ọwọ́ nílé tó tún ń da ara rẹ̀ láàmú lórí ìwé?" Mo nu ojú mi. Mo gbà. Lóòótọ́ ni mo gbà, nítorí mo rò pé a ti fi ọ̀kan rọ́pò ìkejì fún mi. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn bí ẹ ṣe ń kà á lọ, nítorí òun gan-an ló ń mú mi bínú jù.

Ní ọjọ́ ìsinmi, a ó wẹ̀, a ó fi ìpara pa ara títí a ó fi máa dán bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde nínú omi, a ó sì lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn ilé ìjọsìn, lábẹ́ igi máńgòrò. Màmá Tíṣà mọ ìtàn í sọ, ẹ jẹ́ kí n fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Bó bá ń sọ nípa ọba Sọ́ọ̀lù, a ó máa rí i. Ọkùnrin tó fi èjìká àti orí ga ju gbogbo ènìyàn lọ, síbẹ̀ tó lọ fara pamọ́ sáàárín ẹrù ní ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ fi í jọba. Ìyẹn ni mo fẹ́ràn jù. Mo mọ bí ó ti ń ṣe ènìyàn kó fẹ́ sápamọ́ sáàárín ẹrù. Ṣùgbọ́n Màmá Tíṣà kì í pẹ́ níbẹ̀. Ibi tó ń kánjú lọ ni ibi tí ọba náà ti ṣàìgbọràn.

"Kí la rí kọ́ lára Sọ́ọ̀lù?" ni yóò bi wá.

Gbogbo wa á jọ pariwo, "Ká máa gbọ́ràn sí àgbà lẹ́nu!"

"Kí ló sàn ju ẹbọ lọ?"

"Ìgbọràn!"

Ẹni tí kò bá pariwo tó, yóò kúnlẹ̀ sórí òkúta wẹ́wẹ́, yóò gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, yóò sì di ojú. Àwọn òkúta Jọ́ọ̀sì kì í ṣe ẹran rírọ̀, orúnkún wa mọ̀ wọ́n. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín ẹni tó wà lórí ìkúnlẹ̀, òun náà á lọ kúnlẹ̀ tì í. Nígbà mìíràn, ìdajì kíláàsì ló máa ń kúnlẹ̀, tí a ó máa fi ojú kan wo ara wa, tí ẹ̀rín á máa pa wá. A kò kórìíra rẹ̀ nítorí ìyẹn. Bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọmọ nígbà náà nìyẹn, a sì rò pé bí ọba Sọ́ọ̀lù náà bá kúnlẹ̀ sórí òkúta díẹ̀ ní kékeré, ìwà rẹ̀ ì bá dára sí i.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, wọ́n fi Màmá Tíṣà ṣe Ìyá Ìkórè fún ìkórè àwọn ọmọdé. Ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ láàárín wa. Ìyá Ìkórè kò gbọdọ̀ mú adìyẹ wá. Gbogbo ìjọ ni yóò máa wo ọwọ́ rẹ̀, ohun tó bá mú wá fún gbàǹjo ni wọ́n á sì fi máa pe orúkọ rẹ̀ títí ọdún á fi yípo. Ẹni tó ṣe é ní ọdún tó ṣáájú fa màlúù wá. Màlúù gidi, tó ya ìgbẹ́ sí ẹnu ọ̀nà ilé ìjọsìn. Kò sí ẹni tó gbàgbé.

Màmá Tíṣà ní àwọn ọmọdé yóò ṣe eré Sọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà. Adé ni ọba, nítorí ó ga, àti nítorí pé ọmọ rẹ̀ ni. Wọ́n fi òwú ṣe irùngbọ̀n fún ọmọ kan kó jẹ́ wòlíì Sámúẹ́lì. Nígbà tó kàn mí, Màmá Tíṣà wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Ìwọ tí o kò lè la ẹnu, àgùntàn ni wàá ṣe. Ẹ̀yìn kọ́tìnì ni wàá wà. Àgùntàn kò nílò ojú." Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Àgùntàn Màmá Tíṣà, wọn a sì máa fi koríko lọ̀ mí bí mo bá gbé àwo kòsé kọjá.

Èmi kò bínú. Inú mi dùn pé ẹnikẹ́ni kò ní rí mi. Mo fẹ́ ṣe é dáadáa. Aládùúgbò wa, Màlámù Sání, máa ń so àgùntàn mọ́ ẹ̀bá ògiri wa, abo kan sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ta ọmọ rẹ̀. Òun ló kọ́ mi. Màá lọ bẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, yóò ké, màá ké. Nígbà tó yá, bí mo bá ké, yóò gbé orí sókè, yóò dá mi lóhùn. Màlámù Sání dúró lọ́jọ́ kan, ó ń wò wá, ó ní, "Kai! Ọmọ yìí, wallahi, èmi ò mọ èyí tí mo rà nínú ẹ̀yin méjèèjì mọ́."

Nígbà tí a bá ń ṣe ìdánrawò, Adé kì í rántí ọ̀rọ̀ tó yẹ kó sọ. Lọ́jọ́ kan, Sámúẹ́lì bá a wí títí, ọba Ísírẹ́lì wá gbé ọwọ́ sórí, ó ní, "To, na ji, mo ti gbọ́, ó ti tó!" Màmá Tíṣà bọ́ bàtà jù ú. "Ọba Ísírẹ́lì wo ló ń sọ Haúsá? Àbí ọjà Bùkúrù ni wọ́n ti fi òróró yàn ọ́?" Ẹ̀rín pa wá débi pé Sámúẹ́lì gbé irùngbọ̀n rẹ̀ mì díẹ̀.

Kí n lè mọ ìgbà tó yẹ kí n ké, Màmá Tíṣà fún mi ní Bíbélì kí n ka orí ìwé náà fúnra mi. Mo fi ìka tẹ̀ lé e ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó pẹ́ kí n tó kà á tán. Mo rí i pé wọ́n ti sọ fún Sọ́ọ̀lù tẹ́lẹ̀ pé kó má dá nǹkankan sí nínú ẹran àwọn ará Ámálékì, pé kì í ṣe tirẹ̀. Mo rí i pé ó dá àwọn tó sanra sí, ó sì ń sọ fún Sámúẹ́lì pé òun ti ṣe gbogbo ohun tí wọ́n rán òun. Ibẹ̀ ni àgùntàn ti ké, tí Sámúẹ́lì wá bi í pé, kí ni igbe àgùntàn tí etí òun ń gbọ́ yìí? Sọ́ọ̀lù ní, Ọlọ́run ni wọ́n fẹ́ fi wọ́n rúbọ sí.

Ọ̀rọ̀ náà kò yé mi. Mo bi Màmá Tíṣà, bóyá ìbéèrè kan ṣoṣo tí mo bi í lọ́dún náà nìyẹn. Ó ń to abọ́ lọ́wọ́. Mo ní, "Màmá, bí wọ́n bá fẹ́ fi fún Ọlọ́run, kí ló wá burú níbẹ̀?"

Ó gbé abọ́ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Inú rẹ̀ dùn sí ìbéèrè náà, mo rí i lójú rẹ̀. Ó ní, "Àbẹ̀ní, gbọ́. Ohun tí kì í ṣe tìrẹ, o kò lè fi tọrẹ. Ẹni tó bá jí ẹran, tó wá fi ṣe sàráà, olè ṣì ni. Ọlọ́run kì í jẹ nínú ohun olè."

Òun ló sọ ọ́. Kì í ṣe ẹlòmíràn. N kò kà á níbì kankan, n kò gbọ́ ọ lẹ́nu páítọ̀. Ẹnu rẹ̀ ló ti jáde, òun ló sì yé mi jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ mi rí. Nítorí náà, kò sí ẹni tó lè sọ fún mi pé kò mọ̀.

Ọjọ́ ìkórè pé. Òtútù mú, oòrùn sì wà. Ilé ìjọsìn kún fún ọsàn, iṣu, pòtétò nínú apẹ̀rẹ̀, adìyẹ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀ tí wọ́n ń sọ tiwọn nígbà tí páítọ̀ ń gbàdúrà. Wọ́n fi aṣọ bẹ́ẹ̀dì méjì ṣe kọ́tìnì ní ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ. Mo wà lẹ́yìn rẹ̀, mo rí ìta láti ibi tó ya díẹ̀. Adé kò gbàgbé ọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tó tó àkókò, mo ké, mo sì ké dáadáa, gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Sámúẹ́lì na ìka sí ọba, ó bá a wí, irùngbọ̀n rẹ̀ kò já. Gbogbo wa kọrin. Eré parí.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ gbàǹjo. Bàbá kan tó lóhùn bí agogo ló ń ta nǹkan. Ó ta iṣu, ó ta adìyẹ, ó fi àwọn ọkùnrin tí kò fẹ́ náwó ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú ìyàwó wọn. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ó kan Ìyá Ìkórè! Ẹ jẹ́ kí á rí i bóyá ó ju màlúù lọ!" Àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì gbé nǹkan wọlé láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Aṣọ tí wọ́n dà bò ó ni mo kọ́kọ́ dá mọ̀. Èmi ni mo fọ̀ ọ́ ní Sátidé tó ṣáájú.

Wọ́n ṣí i. Oòrùn tó gba fèrèsé wọlé bọ́ sórí òdòdó pupa, òdòdó náà sì ń dán, nítorí èmi ni mo nù ún. Màmá Tíṣà ti ní kí n nù ún dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ti rò pé àjọ̀dún ló fà á.

Gbogbo ìjọ pariwo. Bàbá onígbàǹjo ní, "Ẹ̀rọ ìránṣọ! Ó ń ṣiṣẹ́ bí ọjọ́ tí wọ́n rà á! Ìyá Ìkórè ní Olúwa ló ni ohun gbogbo!" Màmá Tíṣà dìde, gèlè rẹ̀ ga, ó ń jó díẹ̀díẹ̀ síwájú, ó gbé ojú sókè. Wọ́n ń pè é ní Ìyá Rere, wọ́n ń pè é ní Abiyamọ Tòótọ́.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Ọlọ́run mọ̀ pé mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo la ẹnu, ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà kúrú: ìyá mi ló ni ín. N kò lè gbé e. Ohun tó wà ní ọ̀fun mi ni ohun tí mo ti ń kọ́ láti bí oṣù kan, òun ló sì jáde.

"Bẹ̀ẹ̀ẹ̀ẹ̀!"

Ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní, "Àgùntàn kò tíì mọ̀ pé eré ti parí!" Bàbá onígbàǹjo náà rí ibi tí yóò ti ṣe àwàdà, ó ní, "Àgùntàn náà fẹ́ ra máṣíìnì! Èló lo fẹ́ san, àgùntàn?"

Mo tún ké. Lọ́tẹ̀ yìí, n kò fi ṣeré. Mo ké bí abo àgùntàn Màlámù Sání, èyí tí wọ́n ta ọmọ rẹ̀. Mo ké títí èémí mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín lọ. Gbogbo àwọn ènìyàn ńlá wọ̀nyẹn, tí wọ́n mọ ìtàn náà láti ìgbà èwe wọn, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ojú ara wọn wò ó tán, kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó bi ara rẹ̀ pé kí ni igbe àgùntàn yìí. Ẹnì kan ṣoṣo ni ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró nínú ijó. Màmá Tíṣà yí ojú sí kọ́tìnì. Mo rí i láti ibi tó ya. Ẹ̀rù wà lójú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn náà, ó tún gbé ojú sókè, ó ń jó lọ.

Obìnrin opó kan láti Hwolshe, àdúgbò mìíràn ní Jọ́ọ̀sì, ló rà á, ẹni tó ń ránṣọ ní ìloro ilé rẹ̀. Wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n fi okùn dè é. Mo wò ó títí ó fi yí kọ́nà.

Ní ìrọ̀lẹ́, Màmá Tíṣà mú kòbókò. Ó ní, "Àgùntàn ni ọ́, àbí? Sọ ohun tó ń ṣe ọ́. Sọ̀rọ̀!" Ó nà mí. Ó ní mo fẹ́ dójú ti òun láàárín ìjọ lẹ́yìn gbogbo oúnjẹ tí mo ti jẹ. Ó ní, "Ṣé èmi ni mo lò ó ni? Ṣé mo tà á kí n fi owó rẹ̀ ra gèlè? Ọlọ́run ni mo fún! Ṣé Ọlọ́run lo fẹ́ bá du nǹkan?" Mo gbé orí sókè, mo wò ó. Ọ̀rọ̀ Sọ́ọ̀lù tí Adé kò lè há sórí fún odidi oṣù kan nìyẹn, ìyá rẹ̀ sì ń sọ ọ́ láìṣi ọ̀kan. Adé náà jókòó sí igun yàrá, ó tẹ orí mọ́lẹ̀. Mo rò pé òun náà gbọ́ ọ.

Nígbà tí bàbá mi dé láti Ìbàdàn, mo na ọwọ́ sí ibi tí máṣíìnì wà tẹ́lẹ̀. Ó wo ibẹ̀ pẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ohun tí wọ́n ti fún Ọlọ́run, a kì í lọ gbà á padà." Ó ra búrẹ́dì àti sadíìnì fún mi. Mo jẹ ẹ́, ebi ń pa mí, ṣùgbọ́n n kò dárí ji búrẹ́dì yẹn títí di òní.

Àwọn ènìyàn kan lè sọ pé ẹ̀rọ lásán ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń bí mi nínú kò mọ lórí ẹ̀rọ. Wọ́n kọ́ wa ní ìwà rere bí ẹni ń rán aṣọ ọmọdé. Wọ́n wọn ọrùn wa, wọ́n wọn apá wa, wọ́n gé e kéré, nítorí náà, nígbà tí ẹ̀kọ́ náà bá kan àgbà, wọ́n á ní kò wọ àwọn. Sọ́ọ̀lù kì í ṣe ọmọdé. Kò sí ẹni tó ní kó lọ pọn omi tó kọ̀. Ọba ni, àgbàlagbà ni, kò sì sí ẹni tó lè mú un àfi bàbá arúgbó kan tó ní etí tó gbọ́ igbe ẹran. Ìtàn àgbà ni. Wọ́n gbé e lé wa lórí, wọ́n sì fi kòbókò tì í kó má baà jábọ́.

Nígbà tiwa, orí òkúta la ti kẹ́kọ̀ọ́, lábẹ́ máńgòrò, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó là. Àwọn ọmọ òde òní ní kíláàsì tí wọ́n kun ní ọ̀dà, wọ́n ní ìwé tí àwòrán Sọ́ọ̀lù wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú adé àti ọ̀kọ̀, wọ́n ń pín bisikíìtì fún wọn lẹ́yìn ẹ̀kọ́, wọn kì í sì í jẹ́ kí wọ́n kúnlẹ̀ pẹ́ mọ́. Inú mi dùn sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ìsinmi tó kọjá, mo gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé wọn kọjá, mo gbọ́ tí tíṣà tuntun bi wọ́n pé kí la rí kọ́ lára Sọ́ọ̀lù, gbogbo wọn sì jọ pariwo pé, "Ká máa gbọ́ràn sí àgbà lẹ́nu!" Mo dúró síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń pariwo. Màmá Tíṣà ti darúgbó báyìí, àga tirẹ̀ wà níwájú, wọ́n sì ń kí i lórí ìkúnlẹ̀. Èmi náà ń kí i. N kò tíì bá a jà rí, n kò sì mọ̀ bóyá màá lè ṣe é láé. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ èyí.

Ó ku ohun tí mo ṣe ní àárọ̀ Mọ́ńdè, ọjọ́ kejì ìkórè náà. Mo jí, ẹ̀yìn ń ta mí. Mo pọn omi, mo gbá àgbàlá, mo fọ abọ́, mo gbé àwo kòsé rù bí mo ti máa ń ṣe. Màmá Tíṣà ní kí n yára bọ̀, mo ní, "Ẹ ṣé, mà." N kò yà sí ọ̀nà ọjà. Mo ń rìn, mò ń béèrè ọ̀nà ilé opó tó ń ránṣọ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn ní Haúsá, títí mo fi dé Hwolshe. Obìnrin opó náà wà ní ìloro, ó ń fi aṣọ nu máṣíìnì. Ó rò pé kòsé ni mo wá tà, ó ní, "Ọmọ mi, gbé e kalẹ̀ kí n rà níbẹ̀." Mo gbé e kalẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Mo wo ilẹ̀ nìkan, kí n má baà rí ojú rẹ̀, mo sì sọ ọ́. "Màmá, máṣíìnì yìí, ìyá mi ló ni ín. Ó ti kú. N kò wá gbà á. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n máa wá síbí kí ẹ fi kọ́ mi ní aṣọ rírán." Ó ń wò mí, aṣọ ìnuǹkan ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kó tó la ẹnu, mo ti dìde, mo ti mú ìgbálẹ̀ tó fara ti ògiri, mo sì ti ń gbá àjákù aṣọ wẹ́wẹ́ tó wà nílẹ̀ yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká.